Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ewé Tó Pòórá ní Gwarinpa

Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó. Ọkọ̀ ni kò sí ní gàráàjì.

Insipẹ́kítọ̀ Mùfúlíátù Jàbárù dúró ní pálọ̀ Bàbá Japheth Babalọlá ní Gwarinpa, ó ń wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni tó ń retí kó fọhùn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú oṣù kọkànlá ọdún 2006. Láti ìdájí àná ni ọkọ̀ ti di àwátì.

“Ẹ̀yin lẹ gbé e kọ́ síbẹ̀, sà?”

“Èmi ni, lálẹ́ Ọjọ́rú. Ibẹ̀ náà ni mo bá a nígbà tí mo rin ìrìn àárọ̀ mi dé. Mo ṣí gàráàjì, ilẹ̀ lásán ni mo rí.” Bàbá náà nawọ́ sí ọ̀nà gàráàjì. “Ogójì ọdún, ọmọ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo rà á.”

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni Bàbá Babalọlá, ọmọ Ìkìrun. Ọ̀gá ni ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Eré Àtijọ́ ti Àbújá. Àwọn mẹ́sàn-án péré ni wọ́n. Adájọ́ wà nínú wọn, dókítà eyín wà níbẹ̀, pásítọ̀ kan náà wà níbẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké olórùlé aṣọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe láyé ọjọ́un, irú èyí tó jẹ́ pé béèyàn bá jókòó sínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wọn á tò tẹ̀lé ara wọn jáde ní àárọ̀ Sátidé. Bí ọ̀kan bá kú lọ́nà, gbogbo wọn á dúró, wọn á ká apá aṣọ sókè, wọn á máa fi ọlọ́kọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi jí. MG aláwọ̀ ewé ti Bàbá ló máa ń ṣíwájú.

“Kọ́kọ́rọ́ ẹyọ kan náà ló ní?”

“Méjì ni wọ́n fún mi. Ìkejì ti sọ nù, ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ.” Bàbá mi orí. “Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ nìkan. Bátìrì ọkọ̀ yẹn kò sí níwájú bíi ti ọkọ̀ yòókù. Ẹ̀yìn ìjókòó ló wà, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, alaalẹ́ ni mo sì máa ń tú wáyà rẹ̀. Àlejò á wá a títí á sú u. Èmi àti Afeez nìkan la mọ ibẹ̀.”

Afeez ni mẹkáníìkì ẹgbẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Durumi. Ọ̀sán àná ni wọ́n ti jù ú sí àtìmọ́lé.

“Màmá ńkọ́?”

“Lydia? Kò sí nílé. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa, Ìtùnúolúwa, ní Gwagwalada. Kí n tó jí lọ rìn ló ti jáde lọ wọ mọ́tò. Mo pè é lórí fóònù pé wọ́n ti jí ọkọ̀ mi gbé. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní irin lásán ni. Kò fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn rárá. Kò fọwọ́ kan ìdí ọkọ̀ rí láti ìgbà tí a ti padà sí Nàìjíríà.”

Ó na ọwọ́ sí ife tíì tó wà lápá òsì rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ gbá a, tíì dà sórí tábìlì. “Ọwọ́ àgbà,” ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Mùfúlíátù fi ánkáṣíìfù rẹ̀ nu tábìlì.

*

Ẹnu géètì ni Sájẹ́ǹtì Bámiṣayọ̀ ti ń dúró dè é. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ ẹjọ́ tí yóò gbà á ní àkókò.

“Mà, ọ̀gá ní àgọ́ ní kí a kọ orúkọ Afeez sílẹ̀ kí a gbé e lọ sí kóòtù ní Mọ́ńdè. Ó parí.”

“Ta ló ha òpó yìí?”

Mùfúlíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó géètì apá òsì. Ìlà ọ̀dà aláwọ̀ ewé mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Méjì ti gbó, ìkẹta ṣì ń dán.

Mẹ́gádì ilé náà sún mọ́ wọn. “Sànnu, Madam. Ọ̀gá ni o. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni tuntun yẹn. Ó ní kí n dákẹ́.”

“Àná ńkọ́? Nígbà tí ọkọ̀ jáde?”

“Kai! Mi ò sí níbí. Mo lọ kírun àsùbáà. A ń ṣe àlùwàlá ni mo gbọ́ ìró rẹ̀. Ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fììì, ó lọ. Mo rò pé Ọ̀gá fẹ́ tètè jáde ni. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu.”

“Kí ló yà ọ́ lẹ́nu?”

“Ọkọ̀ yẹn kì í jí lẹ́ẹ̀kan fún Ọ̀gá. Ó máa ń kọ́kọ́ húkọ́.”

Mùfúlíátù tún wo òpó náà. Ẹni tó gbé ọkọ̀ lánàá kò ha á lára rárá, bẹ́ẹ̀ òkùnkùn ṣì wà nígbà náà.

*

Níwájú àgọ́ ọlọ́pàá, obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó gbé ọmọ tuntun sẹ́sẹ̀. Latifah ni, ìyàwó Afeez. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Ó kàn ń wo gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Nínú àgọ́, Afeez dìde nígbà tó rí Insipẹ́kítọ̀. Kò tíì sùn.

“Ọ̀la ni ìkómọ mi, mà. Àwọn òbí mi ti gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?”

“Sọ òótọ́ fún mi ná. Báwo lèèyàn ṣe ń jí ọkọ̀ Bàbá?”

Ìbéèrè náà yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là díẹ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n bi léèrè nípa ohun tó fẹ́ràn. “Ṣóòkì rẹ̀ ni, mà, ọwọ́ tí wọ́n ń fà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹ ò gbọdọ̀ fà á tán, epo máa rì í. Ẹ fà á dé ìdajì, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tí ẹ fi ń sáré, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Á jí lẹ́ẹ̀kan. Bàbá kì í ní sùúrù, wọ́n máa ń fà á tán ni.”

“Ìwọ ta ló wá kọ́ ọ?”

Afeez wo ilẹ̀. “Ẹnì kan ni.”

“Ta ni?”

“Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ, mà. Kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlérí ni.”

Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ gbá ògiri. “Ẹ ẹ̀ rí i? Ó ní ẹnì kejì! Olè méjì ni wọ́n!”

“Afeez,” ni Mùfúlíátù wí ní pẹ̀lẹ́, “àtìmọ́lé lo ti mọ́jú nítorí ìlérí yìí.”

“Mo mọ̀, mà. Ẹ yẹ ẹlòmíì wò. Ọ̀gá Láníyì ti bẹ Bàbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí wọ́n tà á fún òun. Bàbá kọ̀. Wọ́n sì sọ pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ wá bá Ọ̀gá Láníyì ní Zuba lónìí. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́.”

*

Ní Zuba, lẹ́yìn àwọn òkìtì ọsàn, wọ́n rí Láníyì lórí ìdúró, ó ń darí ọkọ̀ akẹ́rù kan bí ẹni tó ń da ẹlẹ́dẹ̀. Oníṣòwò simẹ́ǹtì ni, ọmọ ẹgbẹ́ àwọn Bàbá Babalọlá. Lórí ọkọ̀ akẹ́rù náà, nǹkan kan wà lábẹ́ tapólì, ó kéré, ó tẹ́. Nígbà tó rí aṣọ ọlọ́pàá, ó yára lọ dúró síwájú tapólì náà.

“Ẹ má ṣí i! Mo bẹ̀ yín.”

“Kí ló wà níbẹ̀?” ni Sájẹ́ǹtì bi í, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lórí okùn.

“Ẹ ò ní lóye rẹ̀.”

Sájẹ́ǹtì fa tapólì. Kì í ṣe aláwọ̀ ewé. Triumph pupa fòò kan ni, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, gíláàsì iwájú rẹ̀ ti fọ́, kò ní táyà ẹyọ kan.

Láníyì jókòó sórí àpótí ọsàn, ó rẹ̀ ẹ́. “Kàdúná ni mo ti rí i, nínú àgbàlá ẹnì kan, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Ìyàwó mi ti búra pé bí òun bá tún rí àlòkù ọkọ̀ kan sí i nílé, òun á kó lọ sílé bàbá òun. Mo fẹ́ gbé e pamọ́ síbí títí inú rẹ̀ á fi rọ̀.” Ó gbójú sókè. “Ẹ ti rí ọkọ̀ Bàbá? Gbogbo wa ò sùn láti àná. Adájọ́ wa tiẹ̀ ti dé Suleja, ó ń bi gbogbo mẹkáníìkì léèrè.”

Mùfúlíátù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Èèyàn tó ń sá fún ìyàwó kì í ráyè jalè. Ó yíjú sí obìnrin tó ni àpótí ọsàn tí Láníyì jókòó lé.

“Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ ò rí ọkọ̀ bíi èyí lánàá, aláwọ̀ ewé?”

Àlímátù, ará Ọ̀yọ́, tó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń ta èso níbẹ̀, kò tilẹ̀ ronú. “Mo rí i! Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ó dúró níwájú mi gan-an. Awakọ̀ kò sọ̀ kalẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ó fi ìborùn wé orí àti ojú, ó kàn nawọ́ sí ọsàn. Mo dì í fún un, ó sanwó, ó yà sí ọ̀nà Gwagwalada.”

“Irú ọwọ́ wo ni?”

“Ọwọ́ kékeré. Òrùka góòlù tínrín kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́.”

*

“Gwagwalada,” ni Mùfúlíátù sọ fún Sájẹ́ǹtì nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀. “Ẹ máa wà á lọ.”

“Ọ̀rẹ́ Afeez ló ń gbé ibẹ̀?”

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ta ló máa jí ọkọ̀ gbé, tó tún máa dúró ra ọsàn?”

Sájẹ́ǹtì ronú. “Ẹni tí ẹ̀rù ò bà.”

“Ẹni tó ń lọ kí ọmọdé. Àlejò kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ wá wo géètì yẹn. Bàbá ti ha á lára lẹ́ẹ̀mẹ́ta, apá òsì ni gbogbo rẹ̀. Ife tíì tó dà nù, apá òsì ló wà. Bàbá kò rí apá òsì rẹ̀ mọ́, Sájẹ́ǹtì. Ẹni tó gbé ọkọ̀ lánàá wà á jáde nínú òkùnkùn, kò ha nǹkan kan, ó sì jí i lẹ́ẹ̀kan. Ó mọ ọkọ̀ náà ju ẹni tó ni í lọ.”

“Afeez náà mọ̀ ọ́n.”

“Wọ́n kọ́ Afeez ni. Olùkọ́ rẹ̀ là ń wá. Ta ni mẹkáníìkì lè bọ̀wọ̀ fún débi pé yóò sun àtìmọ́lé kó má baà tú àṣírí rẹ̀? Ta ló lè pa kọ́kọ́rọ́ kejì mọ́ fún ọgbọ̀n ọdún nínú ilé kan náà?”

Sájẹ́ǹtì dín eré kù. “Ṣùgbọ́n Bàbá ní ìyàwó òun kò wakọ̀ rí!”

“Ohun tí Bàbá sọ kọ́ nìyẹn. Ó ní kò fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti padà sí Nàìjíríà. Kí ló ń ṣe kí wọ́n tó padà?”

*

Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn ilé Ìtùnúolúwa, wọ́n fi aṣọ ibùsùn aláwòrán òdòdó bò ó. Màmá Lydia Babalọlá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga onírọ́bà, ó ń bó ọsàn fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì. Nígbà tó rí wọn, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ wọlé.

“Ẹ káàbọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dé. Mo rò pé á tó Mọ́ńdè ni.”

“Kí ló wà ní Mọ́ńdè, mà?”

“Dókítà ojú. Ìtùnú ti gba ọjọ́ fún bàbá rẹ̀ níbí lẹ́ẹ̀mejì, kò yọjú. Mọ́ńdè ni ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó ní ojú òun mọ́lẹ̀ kedere.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nínú ìró. “Oṣù tó kọjá, ó ń gbé mi bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kadà kan yọ lápá òsì, ó gbé obìnrin tó pọnmọ. Ọkọ mi ò rí i. Mo pariwo, ọlọ́kadà yà sínú igbó, Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí wọ́n ṣubú. ‘Ìyá Ìtùnú, kí ló dé tí o ń pariwo?’ Ohun tó bi mí nìyẹn. Kò rí nǹkan kan! Ọ̀la sì ni ó fẹ́ ṣíwájú ọkọ̀ mẹ́jọ lọ sí ọ̀nà Kàdúná, láàárín àwọn tírélà. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí. Mo sunkún. Nígbà tí kò gbọ́, mo gbé e.”

“Ẹ ti mọ ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀.”

Ojú Màmá tàn. “Èmi ni mo kọ́ ọkọ mi. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣubú nínú ìdánwò ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èmi yege lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mò ń wà wá lọ sí etíkun. Nígbà tí a dé, àwọn ẹbí ní ìyàwó tó ń wa ọkọ̀ tí kò lórùlé kiri ìlú, aláfojúdi ni. Mo ní kí àlàáfíà jọba. Mo fi kọ́kọ́rọ́ tèmi pamọ́ sínú Bíbélì.”

“Afeez nìkan lẹ fi hàn.”

“Ọkọ̀ kọ̀ fún un lọ́jọ́ kan, ó ń làágùn, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó má wí. Ọmọ dáadáa ni.”

“Kò wí, mà. Ó wà ní àtìmọ́lé láti àná. Ọ̀la ni ìkómọ rẹ̀.”

Màmá dìde. “Afeez? Wọ́n mú Afeez? Bàbá Ìtùnú ò sọ fún mi! Ó kàn ní ọlọ́pàá ń wá a ni!” Ó ti fa aṣọ ibùsùn kúrò lórí ọkọ̀. “Mo ṣe é kí ẹnikẹ́ni má baà fara pa. Wàyí, ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi sínú ẹ̀wọ̀n. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ̀yin, Insipẹ́kítọ̀. Sájẹ́ǹtì á tẹ̀ lé wa.”

Báyìí ni Mùfúlíátù Jàbárù ṣe jókòó sínú MG fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú láti Gwagwalada dé Àbújá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì bẹ Màmá pé kí wọ́n rọra.

*

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀gá àgọ́ ti fọwọ́ sí i pé kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Babalọlá dé bí Afeez ṣe ń jáde. Ó rí ọkọ̀ rẹ̀ níta, ó rí ìyàwó rẹ̀ ní ìdí ọkọ̀ náà, ó sì dúró gbọnrangandan.

“Lydia. Ìwọ lo wà á dé Gwagwalada?”

“Èmi ni.”

“Ó jí fún ọ lẹ́ẹ̀kan?”

“Lẹ́ẹ̀kan.”

Ó fẹ́ bínú. Gbogbo ènìyàn rí i pé ó fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n Màmá sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí apá òsì rẹ̀, ó gbé ìka mẹ́ta sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. “Mélòó ni mo nà sókè?”

“Kí lo nà sókè? Níbo lo wà?”

Bàbá yí orí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. “Láti ìgbà wo ló ti rí bẹ́ẹ̀?”

“Ó ti pẹ́ díẹ̀. A jọ ń lọ ní Mọ́ńdè.”

Ó mi orí pé òun gbà. Lẹ́yìn náà, ó rìn lọ síwájú Afeez àti Latifah, ó ṣí fìlà rẹ̀, orí funfun báláú. Àgbàlagbà tí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba kan ti dìde fún rí tẹ orí ba fún mẹkáníìkì. “Mo fi ẹnu mi kó bá ọ. Dárí jì mí, ọmọ mi.”

Afeez dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pupa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n ṣẹ̀. “Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ọkọ̀ ti dé. Ó tán.”

“Kò tíì tán,” ni Latifah wí. Òun nìkan ni kò tíì rẹ́rìn-ín. “Ẹ wá sí Durumi lọ́la, kí gbogbo àdúgbò tó rí i nígbà tí wọ́n ń mú un rí yín nílé wa.”

Wọ́n lọ. Kàkà kí ẹgbẹ́ gba ọ̀nà Kàdúná, ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́sàn-án ló tò wọ inú Durumi ní àárọ̀ Sátidé, títí kan Triumph pupa tí ọkọ̀ akẹ́rù Láníyì gbé, tí ìyàwó rẹ̀ sì tipa bẹ́ẹ̀ rí i. Aáfà sọ ọmọ náà ní Balkis. Nígbà tó kan Bàbá láti sọ̀rọ̀, ó ní níwájú gbogbo aládùúgbò pé òun purọ́ mọ́ olóòótọ́, àti pé láti òní lọ, ọmọ ẹgbẹ́ ni Afeez, bí kò tilẹ̀ tíì ní ọkọ̀. Adájọ́ ní òfin ẹgbẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ ní kí wọ́n yí òfin padà lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì yí i padà.

Dókítà ní ohun tó ti lọ nínú ojú Bàbá kò lè padà wá, ṣùgbọ́n a lè dá èyí tó kù dúró. Iṣẹ́ abẹ kékeré kan, oògùn kíkán lójoojúmọ́. “Ẹ tètè dé,” ni ó sọ fún Màmá. “Ọdún kan sí i, ì bá ti pẹ́ jù.”

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, ẹgbẹ́ tún jáde. Mùfúlíátù àti Sájẹ́ǹtì Bámiṣayọ̀ wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tó jáde sí Zuba, wọ́n ń da àwọn tírélà dúró kí àwọn ọkọ̀ náà lè kọjá. MG aláwọ̀ ewé ló ṣíwájú, òrùlé rẹ̀ ti ká sílẹ̀. Màmá ló wà ní ìdí ọkọ̀. Bàbá jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bàǹdéèjì funfun lójú kan, ó na apá jáde, ó ń fi gbogbo ara gba atẹ́gùn.

“Tẹ̀ ẹ́, Lydia!” ni wọ́n gbọ́ tó ń pariwo bí wọ́n ṣe ń kọjá. “Tẹ̀ ẹ́! Láníyì ti fẹ́ yà wá sílẹ̀!”

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ ẹ́.